Obìnrin Tó Fi Òjé Wá Ọkọ Rẹ̀ Nísàlẹ̀ Omi

Ní gbogbo àyíká Adágún Mobley, láti ibi dáàmù títí dé ibi tí odò ti ń wọlé lápá òkè, kò sí ọkùnrin kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹja báàsì í pa ju Vonceil Stidham lọ. Àwọn ọkùnrin Alabama ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin, pàápàá obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń wọ bàtà rọ́bà ọkọ rẹ̀, tí ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sì ti ṣí tán. Ṣùgbọ́n bí ìdíje bá parí, tí wọ́n bá gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n níwájú ṣọ́ọ̀bù Gaines Odom, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwọ̀ àti kọfí, ńṣe ni gbogbo wọn máa ń panu mọ́.

Odom nìkan ló máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ. “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará,” ni yóò wí. “Ẹ lọ ra ọkọ̀ tó tún tóbi ju èyí lọ. Bóyá ẹja á rí yín lọ́ọ̀ọ́kán.”

Rusty Pruett lọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn jù. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọkọ̀ rẹ̀ ń dán yanranyanran, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi sójú dígí fún un. Lọ́jọ́ kan tí ìyá àgbà yìí tún ti na gbogbo wọn, ó tọ̀ ọ́ lọ níbi tó ti ń fọ ọwọ́ rẹ̀.

“Mísì Vonceil, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ fi ń pa wọ́n?”

“Aláǹgbá rọ́bà.”

“Èmi náà ní aláǹgbá rọ́bà! Mo ní gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run dá, mo tún ní èyí tí kò dá.”

“Ṣé òjé ẹ ń kan ilẹ̀?”

“Ó ń kan ilẹ̀, mà.”

“Kí ni ilẹ̀ ń sọ fún ẹ?”

Rusty wo ojú Odom. Odom ń wo òkè. “Ilẹ̀ ò bá mi sọ nǹkan kan o, Mísì Vonceil.”

“O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹja pípa nìyẹn. O kàn ń fi okùn na omi ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Vonceil náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe máa ń ṣe é nìyí. Á ki òjé ńlá kan sórí okùn, á fi okùn tí ó gùn tó apá méjì sísàlẹ̀ òjé náà, á so ìwọ̀ mọ́ ọn, á sì fi aláǹgbá rọ́bà bo ìwọ̀. Á jù ú sọ́nà jíjìn, á dúró kó rì títí okùn yóò fi dẹ̀. Lẹ́yìn náà, á máa fi ọ̀pá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fa aṣọ kúrò lábẹ́ ọmọ tó ń sùn, ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ á sì wà lórí okùn. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀, á gbọ́ ọ bí ìgbà tí ṣíbí ń rìn nínú ògì gbígbóná. Bí ó bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, á máa ta kéékèèké bí àgbàdo nínú agolo. Kùkùté igi á di òjé mú díẹ̀, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹja báàsì tó bá ti dàgbà kì í jáni bí ajá. Ẹnu gbàǹgbà rẹ̀ ló máa ń là, tí yóò fa omi àti aláǹgbá mọ́nú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọwọ́ máa gbọ́ kò ju kí okùn wúwo lójijì lọ, bí ìgbà tí aṣọ tútù bá há mọ́ ọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní mọ̀. Vonceil kì í ṣì í mọ̀. Á gbé ọ̀pá sókè, ìjà á bẹ̀rẹ̀, tó bá yá, á ki àtàǹpàkò bọ ẹnu ẹja, á gbé e sókè, á wò ó lójú, á sì dá a padà sínú omi.

Kò jẹ ẹyọ kan rí nínú wọn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń yí ẹja nínú ìyẹ̀fun àgbàdo, tí wọ́n ń dín in lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

“Ṣé ẹja wa ò dáa tó fún ẹ ni, Vonceil?” Odom bi í lẹ́ẹ̀kan.

“Èmi kì í jẹ ohun tó bá ti inú adágún yẹn jáde,” ló dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó ń sọ ọ́, Odom kò sì tún bi í mọ́ láéláé.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹja ni obìnrin yìí bá lọ sórí omi.

Hobart ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ibi tí omi wà báyìí ni wọ́n bí Hobart sí, kí wọ́n tó kọ́ dáàmù. Oko bàbá rẹ̀ wà ní àfonífojì yẹn: ilé, ilé ẹran, àti ọgbà igi ápù tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣe odi yí ká. Ọmọdé ni òun àti àbúrò rẹ̀, Truett, nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìdílé lọ sórí òkè, tí àwọn méjèèjì dúró tí ìyá wọn, tí wọ́n ń wo omi bí ó ṣe ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọ inú ọgbà. Ápù ọdún yẹn ṣì wà lórí igi. Wọ́n já bọ́, wọ́n sì ń léfòó pupa rẹ́súrẹ́sú lórí omi náà.

Hobart kò dárí ji omi yẹn, síbẹ̀ kò lè kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá ń pẹja, tó bá dé ibi kan, á pa ẹ́ńjìnnì, á ṣí fìlà. “A ti dé ojúlé bàbá mi,” ni yóò wí.

Vonceil ò pẹja nígbà náà. Ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa fi ìka tọ́ òwú wò bó ṣe ń sáré kọjá, kó mọ ibi tó ti fẹ́ já. Ìka rẹ̀ gbọ́n. Bí Hobart bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lójú oorun, ó mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí inú ń bí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, kùrukùru bolẹ̀ débi pé wọn kò rí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Hobart mu kọfí ìdajì, ó fi búrẹ́dì tó gbóná sápò.

“Wàá lọ nínú kùrukùru yìí?” Vonceil bi í.

“Ẹja ò mọ kùrukùru. Má da kọfí yẹn nù o, mi ò ní pẹ́.”

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Truett rí ọkọ̀ náà láàárín àwọn igi tó kú sínú omi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti pa, fìlà Hobart wà lórí ìjókòó. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ wọ omi, wọ́n ní òkùnkùn ni, wọ́n ní igi ìsàlẹ̀ pọ̀ bí irun orí, pé ohun tó bá há síbẹ̀ kì í fò sókè. Wọ́n wá a títí ó fi sú wọn. Pásítọ̀ fi fọ́tò ṣe ìsìn ìdágbére. Ìyá Hobart, Màmá Eula, jókòó níwájú pẹ̀lú fìlà dúdú lórí, ó sì ní kí wọ́n má gbẹ́ òkúta orúkọ kankan.

“Mi ò sin fọ́tò,” ni ìyá náà wí. “Ẹ gbé ọmọ mi wá.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Vonceil gbé ọ̀pá ìwọ̀ kan nínú èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Odom, ó ní kó fún òun ní òjé tó wúwo jù lọ.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀.”

Odom mọ ohun tó ní lọ́kàn. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó kó òjé fún un, ó tún fi ìwọ̀ àti aláǹgbá rọ́bà mélòó kan lé e. “Fi èyí síwájú rẹ̀,” ni ó rọra wí. “Ẹni tó bá ń fi òjé lásán wọ́ omi kiri, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Tí ìwọ̀ bá wà níbẹ̀, apẹja ni.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ju òjé, ó ń fà á, ó ń fi ìka tẹ́tí. Nígbà tí ẹja àkọ́kọ́ gbé e, ó kígbe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọ̀pá sómi, nítorí ohun tó rò pé ó di okùn mú kì í ṣe ẹja. Ó pẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja kò dáwọ́ dúró. Bí ó ti ń wá ọkọ rẹ̀ lójú títì àtijọ́ tó wà lábẹ́ omi, ó mọ̀ pé etí títì yẹn ni báàsì máa ń kóra jọ sí nígbà ooru. Bí ó ti ń wá a ní etí bèbè, ó mọ̀ pé ìgbà tí òdòdó funfun bá yọ lára igi inú igbó ni wọ́n ń wá síbi tí omi kò jìn láti yé, tí akọ á dúró ti ẹyin, tí á sì fìbínú kọlu ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé nínú òtútù, ẹni tó bá kánjú fa okùn, òun àti ẹja kò ní pàdé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìgbà tí yóò fi mọ ohun tó ti mọ̀, àwọn ọkùnrin ti ń wò ó láti ọ̀ọ́kán.

Kì í sì í dá nìkan wà lórí omi. Bí kùrukùru bá wà, ó máa ń gbọ́ ikọ́ Hobart lẹ́yìn rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ tó máa ń wú kó tó tan sìgá. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ á tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó. Vonceil kì í yíjú wẹ̀yìn. Ó máa ń rò ó pé bí òun bá yíjú, á lọ.

Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn á jẹun nílé Màmá Eula: ewébẹ̀ tọ́nípù, ẹ̀wà funfun, búrẹ́dì àgbàdo. Bí wọ́n bá ti ń kó àwo, ìyá náà á di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú.

“Ṣé omi ò tíì sọ nǹkan kan?”

“Rárá, Màmá.”

Ní ìgbà òtútù kẹta, ní àárọ̀ tí etí omi fẹ́ di yìnyín, Vonceil ju òjé síbi tó mọ̀ pé ọgbà ápù wà. Ó gbọ́ wáyà. Òjé náà gùn ún kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀ kọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe igi, kì í ṣe ẹrẹ̀. Ó rọ̀, ó nípọn, ó sì ń tẹ̀ lé okùn bí ó ti ń fà á, ó sì tún ń padà. Aṣọ ni. Ìka tó ti fi ọdún púpọ̀ tọ́ òwú wò kò lè ṣi aṣọ mọ̀. Bí ó ti dúró, tí kò mí, ohun tó wà nísàlẹ̀ fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún fà á. Kò le. Bí ẹni tó ń fa ìyàwó rẹ̀ létí aṣọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé jẹ́ ká máa lọ sílé.

Vonceil yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn náà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Sunday yẹn, Màmá Eula di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í léèrè, Vonceil sì wo ojú ìyá náà, ó ní, “Rárá, Màmá.” Àwọn ọjọ́ Sunday mìíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí òtútù náà yóò fi lọ, ìyá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì dìde mọ́. Wọ́n sin ín lórí òkè, wọ́n sì fi ààyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì dé.

Láti ìgbà náà, Vonceil pẹja ní gbogbo ibi lórí Adágún Mobley àfi ibi ọgbà. Àwọn ọdún yẹn ló di olókìkí.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn dáàmù fẹ́ àtúnṣe, wọ́n sì dín omi kù ní ìgbà tí ewé ń já. Adágún náà sá sẹ́yìn lójoojúmọ́ títí àfonífojì fi tún yọjú, ó pọ́n, ó lanu, ó ń rùn. Gbogbo ìlú wá wò ó. Truett, tí irun tirẹ̀ náà ti funfun, wá kan ilẹ̀kùn Vonceil.

“Dìde, arábìnrin mi. Ká lọ wo ilé.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Ẹsẹ̀ tó dúró nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Ó ya.”

Ó tẹ̀ lé e. Ó sì ṣe é ní kàyéfì bí ó ṣe mọ gbogbo ibẹ̀. Kò fojú rí i rí, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tó wà níwájú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Kùkùté mẹ́ta ló kàn,” á wí, ó sì rí bẹ́ẹ̀. “Títì á ṣẹ́ síbí,” ó sì ṣẹ́. Truett ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n bá Rusty Pruett níbi tó ti ń já ìwọ̀ tó ti sọnù lára igi gbígbẹ, ó ti kó wọn kún fìlà rẹ̀. “Mísì Vonceil, ẹ wo nǹkan!” ni ó kígbe. “Gbogbo ohun tí mo jù sómi láti ọdún mélòó kan wá ló so sórí igi kan ṣoṣo!”

Vonceil rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gòkè díẹ̀, tí ó rí àwọn igi kéékèèké tó tò bí ọmọ ilé ìwé, ó dúró.

“Jẹ́ ká padà, Truett.”

“Padà ṣe kí ni? Ọgbà bàbá mi nìyẹn.”

“Jọ̀ọ́.”

Truett ti ń lọ. Ó dé ibi odi, ó gbá wáyà mú, ó sì dúró gbọnin. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Kóòtù kánfáàsì ni, ó há mọ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ohun tó kù lára Hobart sì wà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ìbàdí. Ọ̀pá rẹ̀ wà nítòsí. Truett kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ẹrẹ̀ kúrò, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ìgbà yẹn ló rí ìwọ̀ tó kọ́ apá kóòtù náà, pẹ̀lú aláǹgbá rọ́bà tó ti ṣá, àti òjé ńlá lókè rẹ̀. Ó gbé okùn náà sójú. Wọ́n di kókó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di òwú tó já nílé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dì í bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo adágún.

“Vonceil.”

Truett na okùn náà sí i.

“Kókó tìrẹ nìyí.”

“Èmi ni mo dì í.”

“Ìgbà wo?”

“Kí Màmá tó kú.”

Atẹ́gùn fẹ́, ó gbé òórùn ẹrẹ̀ náà wá. Truett kò dìde lórí eékún. “Mo máa ń wà níbẹ̀,” ni ó wí. “Ní gbogbo Sunday tó ń bi ẹ́. Mo ń kó àwo, mo ń gbọ́. O wo ojú màmá mi, o ní rárá.”

“Kò dá mi lójú nígbà yẹn, Truett. Aṣọ ni ọwọ́ mi gbọ́. Aṣọ lè jẹ́ àpò, ó lè jẹ́—” Ó wo kóòtù náà. “Irọ́ ni mo ń pa. Ó dá mi lójú. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, kò ní sí ibi tí màá ti máa rí i mọ́.”

“O máa ń rí i?”

“Mo máa ń gbọ́ ọ.”

Truett rán an pé kó lọ pe ọlọ́pàá. Ohun tó bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn títí ọdún fi yí.

Wọ́n sin Hobart sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Truett dúró sí ìhà kejì sàréè. Àwọn èèyàn di mọ́ Vonceil, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ á wá balẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni pé kò gbọ́ ikọ́ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n Sunday àkọ́kọ́, bí ó ti ń fọ àwo, ọwọ́ tútù kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú nínú omi ọṣẹ.

*Ṣé omi ò tíì sọ nǹkan kan?*

“Ó ti sọ, Màmá,” ni ó wí sókè. “Ó ti pẹ́ tó ti sọ.”

Sunday tó tẹ̀ lé e, ohùn náà tún bi í. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà òtútù náà ṣe lọ. Vonceil kò sáré, kò pariwo. Ó kàn ń dáhùn, ó ń nu àwo.

Ìgbà tí omi ti kún padà, tí òdòdó funfun yọ nínú igbó, ó wà ní èbúté tó ń tú okùn ọkọ̀ nígbà tó rí Truett tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Truett kò tíì jókòó nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ tó ti rí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lófìfo.

“Ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ?” ni ó bi í. Kò kí i.

“Kì í ṣe òun. Màmá ni.”

“Kí ló ń sọ?”

“Ohun tó máa ń sọ náà ni.”

Truett wo omi. “Kò bá mi sọ nǹkan kan,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ tí wọn kò pè jẹun. Ó wọ inú ọkọ̀ náà.

Vonceil wà á lọ sétí bèbè, ó fún un ní ọ̀pá, ó fi hàn án bí yóò ṣe gbé ìka lé okùn. “Má kánjú. Jẹ́ kó rì. Fi ọ̀pá fà á, má fi ọwọ́ yí i.” Truett ju òjé dànù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ìwọ̀ kọ́ fìlà ara rẹ̀, ó ṣépè. Lẹ́yìn náà, akọ báàsì kan fìbínú gbé aláǹgbá rẹ̀, ọ̀pá tẹ̀, ọkùnrin náà sì ń kígbe bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ti dá ẹja náà padà, ó jókòó, ó bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Vonceil kò fọwọ́ kàn án. Ó jẹ́ kí atẹ́gùn máa gbé ọkọ̀ lọ.

Ìgbà tí Truett tún ju okùn, wọ́n ti dé àárín omi. Ó fà á díẹ̀, ó dúró.

“Kí ni mo ń gbọ́ yìí?”

Vonceil na ìka rẹ̀, ó gbé e lé okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó dúró pẹ́. Ó mọ gbogbo ibi tí òjé lè balẹ̀ sí nínú adágún yìí, ó ti fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìka náà kò sọ nǹkan kan fún un, àfi pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ń rọra rìn.

“Mi ò mọ̀,” ni ó wí.

Truett kò gé okùn. Kò sì fà á. Àwọn méjèèjì di ọ̀pá náà mú títí ohun náà fi jọ̀wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Vonceil kò wọ ìdíje mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Rusty ló ń gbégbá orókè báyìí, ó sì máa ń bi àwọn ọmọdé pé kí ni ilẹ̀ ń sọ fún wọn. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Vonceil àti Truett ló máa ń jọ lọ sórí omi. Àwọn tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn máa ń sọ pé àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìjókòó mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ náà. Truett máa ń jókòó níwájú, Vonceil lẹ́yìn, wọn kì í sì í gbé àpótí tàbí aṣọ sórí ti àárín.